Ohun Tó Wo Ara Wa Sàn Lè Jẹ́ Èèwọ̀ fún Ológbò

Mo mọ̀ pé ohun tí ẹ sábà máa ń bá lójú ìwé yìí ni ọ̀rọ̀ ibà, inú rírun, làkúrègbé àti ẹ̀jẹ̀ ríru. Lónìí, ọ̀rọ̀ ológbò ni mo gbé wá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ní ológbò nílé níhìn-ín ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn ọmọ ló bẹ̀ wá títí a fi gbà, àwa náà la sì padà ń fún un lóúnjẹ. Àṣìṣe kan wà lọ́rùn mi tí mo fẹ́ jẹ́wọ́ rẹ̀, nítorí pé ojú ìwé yìí kan náà ni mo ti ṣe é.

Nínú ìwé wa kan tó ti jáde sẹ́yìn, mo kọ ọ́ pé òróró efínrín dára púpọ̀ fún lílé kòkòrò. Òótọ́ ni. Ohun tí n kò kọ ni pé kò gbọdọ̀ kan ara ológbò. N kò kọ ọ́ nítorí pé n kò mọ̀. Nísinsìnyí mo ti mọ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀ ló kù kí ológbò tèmi kú kí n tó mọ̀ ọ́n.

BÍ Ọ̀RỌ̀ ṢE BẸ̀RẸ̀

Ẹlẹ́wà ni a sọ ológbò wa. Irun rẹ̀ dúdú, ó ń dán, àyà rẹ̀ nìkan ló funfun. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, a ṣàkíyèsí pé ara ń yún un. Á fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn họ ọrùn, á tún jókòó máa lá ikùn àti itan. Nígbà tí yóò fi tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, irun ikùn rẹ̀ ti tán, awọ ara hàn ketekete. Bí mo bá sì fi ọwọ́ pa á lẹ́yìn, èépá kéékèèké ni ọwọ́ mi ń bá nínú irun, bí hóró ọkà bàbà.

Ìyá àgbà kan tó wá kí wa wò ó títí, ó mi orí, ó ní ẹran yìí ti gba nǹkan dúró fún ilé yín. N kò bá a jiyàn, àgbà ni, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó kọ́ mi ní iṣẹ́ ewé kọ́ mi pé ẹni tí ara ń yún, ká kọ́kọ́ mọ ohun tó ń yún un kí a tó já ewé. Ẹ̀kọ́ yìí gan-an ni n kò tẹ̀ lé. Mo já ewé kí n tó mọ ohun tó ń ṣe ẹran.

Mo kọ́kọ́ fi ọṣẹ dúdú wẹ̀ ẹ́. Ológbò kò fẹ́ omi. Ó ya ọmọ mi lọ́wọ́, ó ya èmi náà. Ara rẹ̀ gbẹ, ó pọ́n, ó sì wá ń yún un ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Eérú tí a fi ń se ọṣẹ dúdú lágbára, awọ ológbò kò sì nípọn.

Mo wá rántí ìgò òróró efínrín kan tí wọ́n bá mi mú bọ̀ láti ilé. Kì í ṣe omi ewé tí a fi ọwọ́ gbo o. Òróró tí wọ́n fi iná fà jáde lára ewé ni, èyí tó jẹ́ pé bí ẹ bá kán ẹ̀kán kan, òórùn rẹ̀ á gba gbogbo yàrá. Mo kán an sínú àdí, mo pò ó pọ̀, mo fi ra Ẹlẹ́wà láti orí ọrùn dé ìdí ìrù. Alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta ni. Inú mi dùn, mo rò pé mo ti ṣe iṣẹ́ rere.

Kò tó wákàtí méjì tí itọ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í dà lẹ́nu rẹ̀. Ó ti ń lá ara rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìṣe ológbò. Nígbà tó dìde, ẹsẹ̀ kò gbé e mọ́. Ó ń ta gbọ́ngbọ́n bí ọ̀mùtí, gbogbo ara rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Ọmọ mi figbe ta, ó ní, "Mọ́mì, ẹ wá wò ó, Ẹlẹ́wà ń kú lọ!"

A pe ilé ìwòsàn ẹranko kan tó máa ń ṣí lóru. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí obìnrin tó gbé fóònù bi mí ni pé, kí ni a fi pa á lára? Ojú tì mí, ṣùgbọ́n mo sọ òtítọ́. Ó ní kí a fi aṣọ ìnura wé e kí ó má baà lá ara rẹ̀ mọ́, kí a mú ìgò òróró náà dání, kí a sì máa bọ̀ kíákíá. Ẹ̀yin ará, bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ má ṣe tìjú, ẹ má sì fi nǹkan kan pamọ́. Ohun tí ẹ bá sọ ni dókítà yóò fi mọ ohun tí yóò ṣe.

Wọ́n fi ọṣẹ tó rọ̀ fọ òróró náà kúrò lára rẹ̀, wọ́n fa omi sí i lára, wọ́n sì mú kí ara rẹ̀ móoru. Oru méjì ló lò níbẹ̀. Owó tí mo ti ń kó jọ láti fi lọ sílé ló bá a lọ.

Níbi tí mo jókòó sí ní ilé ìwòsàn yẹn ni ara mi ti tutù lójijì. Mo rántí pé ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, mo ti sọ òògùn kan náà fún àbúrò wa kan nínú ẹgbẹ́, tí ara ń yún ológbò tirẹ̀ náà. Mo tilẹ̀ ti bu òróró náà fún un nínú ìgò kékeré. Aago kan òru ti kọjá nígbà náà. Mo pè é. Ó gbé e pẹ̀lú ìbẹ̀rù, nítorí pé ìpè òru kì í sábà jẹ́ ti ire. Ó ní, "Ìyá, ṣé kò sí o?" Mo ní, "Ṣé o ti fi òróró yẹn pa ológbò rẹ?" Ó ní rárá, ìgò náà wà lórí tábìlì, òun ń dúró de ilẹ̀ mọ́ kí ọkọ òun lè bá òun di ẹran náà mú. Mo ní kí ó dé e pa, kí ó má ṣe jẹ́ kí ó kan ẹran náà rárá. Mo wá fi orí ti ògiri, mo ń mí gúlegúle. Nítorí òru ọjọ́ yẹn ni mo ṣe ń kọ ohun tí ẹ ń kà yìí.

ÌDÍ TÍ EFÍNRÍN FI DI MÁJÈLÉ

Ní ọjọ́ kejì, dókítà ẹranko jókòó tì mí, ó sì ṣàlàyé fún mi. Ó ní ọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀ ni. Nínú ẹ̀dọ̀ ènìyàn, iṣẹ́ kan wà tí ara máa ń ṣe láti pa oró inú ewé àti òògùn rọ. Ẹ̀dọ̀ á so ohun kan tó jọ ṣúgà mọ́ oró náà, oró náà á yọ́ sínú omi, á sì bá ìtọ̀ jáde. Ológbò kò lè ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa. Ọ̀kan nínú àwọn jíìnì tó yẹ kó máa darí rẹ̀, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní UGT1A6, ti kú lára ológbò. Kì í ṣe ológbò ilé nìkan, gbogbo ẹbí rẹ̀ ni, títí dé orí kìnnìún. Ẹran ni wọ́n ń jẹ láti ìṣẹ̀dálẹ̀, wọn kò bá ewé ṣe pọ̀ bíi tiwa.

Efínrín wá ní ohun kan nínú òróró rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní thymol, òmíràn sì ní eugenol. Àwọn ni wọ́n ń fún un ní òórùn líle tí kòkòrò ń sá fún. Àwọn gan-an sì wà lára irú oró tí ẹ̀dọ̀ ológbò kò lè tú. Ohun tí ara tiwa yóò kó dànù, inú ẹ̀jẹ̀ ológbò ni yóò dúró sí, tí yóò máa bà á jẹ́.

Ẹ tún wò ó: bí ẹ bá fi òògùn pa èmi tàbí ẹ̀yin lára, òògùn ara ni. Bí ẹ bá fi pa ológbò lára, òògùn ara ni, òògùn mímu sì ni, nítorí pé kò sí ohun tó wà lára ológbò tí kò ní fi ahọ́n lá.

Àwa tí a mọ̀ pé a kì í fi àdí bọ Èṣù, kò yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ṣe wá ní kàyéfì. Àdí kì í ṣe ohun búburú. A ń fi pa ọmọ tuntun lára, a sì ń fi ṣe òògùn. Ṣùgbọ́n èèwọ̀ Èṣù ni, ẹni tó bá sì gbé e débẹ̀ mọ ohun tó fà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ara ológbò rí. Ó ní èèwọ̀ tirẹ̀. Ẹni tó ní kò sí ewu nínú ewé, torí pé ewé ni, kò tíì mọ ewé.

OHUN TÓ LÈ MÚ ARA YÚN ÚN

Nígbà tí Ẹlẹ́wà padà sílé, a wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà bí ó ti yẹ. Dókítà jẹ́ kí n mọ̀ pé irun rẹ̀ kò ré fúnra rẹ̀. Òun ló ń fi ahọ́n lá a kúrò. Ahọ́n ológbò ní ẹ̀gún kéékèèké lórí, ó rí ṣákiṣàki. Ọ̀pọ̀ ológbò ló sì ń lá ara níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti rí wọn.

Àwọn Òyìnbó ń pe irú àìsàn yìí ní allergy. Ohun tí mo ń pè é ni pé ara kọ nǹkan: nǹkan náà lè má ṣe ẹlòmíràn ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n ara ẹni yìí kọ̀ ọ́. Kí a tó gbà pé ara kọ nǹkan, dókítà kọ́kọ́ fa irun díẹ̀, ó sì ha awọ díẹ̀, ó lọ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá làpálàpá ni, tàbí kòkòrò tí ń gbé inú awọ. Èyí ṣe pàtàkì, nítorí pé làpálàpá ológbò lè ran ènìyàn, pàápàá àwọn ọmọ wẹ́wẹ́. Kì í ṣe èyíkéyìí nínú wọn. Ó ku ohun mẹ́ta.

Èkínní ni flea, ìyẹn kòkòrò pẹ́pẹ́ tí ń fò nínú irun ẹran. Ẹ má ṣe ṣì í mú fún eégbọn. Eégbọn máa ń lẹ̀ mọ́ ojú kan ni. Ohun tí ara ológbò ń kọ̀ ni itọ́ flea náà. Ológbò tí ara rẹ̀ bá kọ itọ́ yìí, díẹ̀ péré tó bá bù ú jẹ ti tó láti mú un họra fún ọjọ́ púpọ̀. Ẹ lè má sì rí ẹyọ kan, nítorí pé ológbò ti lá wọn mì. Ẹ̀yin ẹ dán èyí wò: ẹ fi òòyà eléyín wíwẹ́ ya irun rẹ̀, ẹ gbọn ohun tó bá jáde sórí bébà ìnuwọ́ funfun tí ẹ ti fi omi rin. Bí ẹ bá rí ẹ̀ka dúdú kéékèèké tó ń yọ́ pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, ìgbẹ́ flea ni. Ẹ̀jẹ̀ tó mu ló yà.

Èkejì ni oúnjẹ. Lára ohun tí ara ológbò sábà máa ń kọ̀ jù ni ẹran màlúù, ẹja àti adìyẹ. Kì í ṣe oúnjẹ tuntun nìkan. Ohun tó ti ń jẹ láti ọjọ́ pípẹ́ ni ara rẹ̀ lè dédé kọ̀ lọ́jọ́ kan.

Ẹ̀kẹta ni ohun inú afẹ́fẹ́ àti inú ilé: kòkòrò inú eruku tí ojú kò lè rí, àtíkè òdòdó àti koríko, àti ohun tó ń hù lára ògiri tó ní ọ̀rinrin. Dókítà kì í sábà pe ẹ̀kẹta yìí títí yóò fi yọ méjì àkọ́kọ́ kúrò.

BÍ A ṢE ṢE É

A bẹ̀rẹ̀ láti orí flea. Nígbà tí mo ya irun rẹ̀, bébà náà pọ́n. Ojú tì mí. Èmi tí mò ń gbá ilé lójoojúmọ́! Ṣùgbọ́n ilé tó móoru ni flea fẹ́, ẹ̀rọ amúlé-móoru tí a ń tàn nígbà òtútù sì sọ gbogbo oṣù di oṣù rẹ̀. Ìṣirò tí àwọn dókítà ẹranko máa ń sọ ni pé àwọn tó wà lára ẹran kò ju bí 5 lọ nínú 100. Bí 95 yòókù wà nínú kápẹ́ẹ̀tì, lórí ibùsùn àti láàárín pákó ilẹ̀, bí ẹyin, bí ìdin, àti bí èyí tó ti wé ara rẹ̀ sínú òwú tí ń dúró de ọjọ́ tí yóò jáde. Ó lè dúró bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá lo òògùn lẹ́ẹ̀kan fi máa ń sọ pé òògùn kò jẹ́.

A lo òògùn tí dókítà kọ fún ológbò, ní oṣooṣù, fún oṣù mẹ́ta láì fo ọ̀kan. Bí ẹ bá ní ẹran méjì nílé, àwọn méjèèjì lẹ gbọ́dọ̀ tọ́jú. A fi ẹ̀rọ tí ń fa eruku fa gbogbo kápẹ́ẹ̀tì àti abẹ́ àga, a sì ń fọ aṣọ tó ń sùn lé nínú omi gbígbóná tó tó 60°C. Dókítà tún fún un ní prednisolone fún ọjọ́ díẹ̀, kí ara tó ti wú lè rọlẹ̀. Òògùn steroid ni. Ó yára ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n bí a bá ń lò ó lọ títí, ó lè fa àtọ̀gbẹ fún ológbò, nítorí náà a kì í dá a lò.

Nígbà tí ọdún 2023 fi wọlé, irun ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń hù, èépá ti lọ. Ṣùgbọ́n orí àti ọrùn ṣì ń yún un. Dókítà ní ó tó àkókò láti wo oúnjẹ. Mo ní ṣé wọn kò lè yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò ni? Ó ní àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kò ṣeé gbára lé lórí ọ̀rọ̀ oúnjẹ. Ọ̀nà kan ló wà: kí ẹran náà jẹ oúnjẹ kan ṣoṣo fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, irú èyí tí wọ́n ti gé èròjà inú rẹ̀ sí wẹ́wẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ara kò ní dá a mọ̀. Kò gbọdọ̀ sí àjẹkù, kò gbọdọ̀ sí wàrà, kò gbọdọ̀ sí ìpápánu. A kò sì gbọdọ̀ fi ebi yí i lérò padà. Ológbò tí kò bá jẹun fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ lè bàjẹ́. Díẹ̀díẹ̀ ni a fi pa oúnjẹ tuntun pọ̀ mọ́ ti àtijọ́ títí tuntun fi kù nìkan.

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, ó ń sàn. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í họra. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, n kò rí ìdí rẹ̀. Àfi ìgbà tí mo wọ ilé ìdáná lóru, tí mo bá ọkọ mi níbi tó ti ń fi orí pánlá bọ́ ológbò lábẹ́ tábìlì. Ó ní, "Ìyá Ẹlẹ́wà, ó ń wojú mi ni. Àánú rẹ̀ ṣe mí." A tún bẹ̀rẹ̀ kíkà láti ọ̀sẹ̀ kìíní.

Ẹ̀yin ará, ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú ìdánwò yìí, kí ó kọ́kọ́ bá gbogbo ilé sọ̀rọ̀, títí kan àlejò àti ọmọ kékeré. Ẹnìkan tó bá ṣàánú lẹ́ẹ̀kan ti ba iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ púpọ̀ jẹ́.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ pé, Ẹlẹ́wà kò họra mọ́. A wá ṣe ohun tó kẹ́yìn, èyí tó dùn mí láti ṣe: a fún un ní ẹja díẹ̀, kí a lè mọ̀ dájú. Ní ọjọ́ karùn-ún, ó ti ha etí àti ọrùn ara rẹ̀ títí ó fi pọ́n. A dá ẹja dúró, ara tún balẹ̀. Nígbà náà ni a mọ̀ pé ohun méjì ló pàdé lára rẹ̀, itọ́ flea àti ẹja. Pánlá tí gbogbo wa fẹ́ràn, èèwọ̀ Ẹlẹ́wà ni. Títí di òní, kì í jẹ ẹja nílé wa, a kì í fo òògùn flea, irun ikùn rẹ̀ sì ti hù padà pátápátá.

Bí ó bá jẹ́ ẹ̀kẹta ni, ìyẹn ohun inú afẹ́fẹ́, kò sí bí a ṣe lè mú un kúrò nílé tán. Ṣùgbọ́n dókítà ní òògùn tó lè fi rọ ara lójú, irú bíi prednisolone tí mo dárúkọ, tàbí ciclosporin, ó sì lè fún un ní abẹ́rẹ́ díẹ̀díẹ̀ tí yóò kọ́ ara láti gba ohun tó ń kọ̀. Kì í tán. Ó kàn ń ṣeé tọ́jú ni, bíi ti ẹni tó ní ikọ́ fée.

OHUN TÍ KÒ GBỌDỌ̀ KAN OLÓGBÒ

Ẹ gé apá ibí yìí, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ilé ìdáná.

1. Òróró efínrín, àti òróró olóòórùn líle mìíràn tí wọ́n fà jáde lára ewé tàbí igi, irú èyí tí wọ́n ń pè ní tea tree. Ẹ má ṣe fi pa á lára, ẹ má sì ṣe dà á sínú ẹ̀rọ tí ń tú òórùn sínú yàrá tó ń sùn.

2. Àsúnwọ̀n òyìnbó, tí a ń fi pa làpálàpá. Ó dára fún awọ tiwa, ṣùgbọ́n ewé rẹ̀ ń ṣu ni. Bí ológbò bá lá a, inú rẹ̀ ni yóò dà rú. Bẹ́ẹ̀ náà ni oje aloe.

3. Ìpara tó ní kánfọ̀, àti ìpara funfun tó ní síńkì, èyí tí a ń fi pa ìdí ọmọ jòjòló.

4. Òògùn flea ti ajá. Púpọ̀ nínú wọn ní permethrin tó lágbára, ó sì ń pa ológbò. Ẹ ka ara páálí kí ẹ tó rà á. Bí ajá àti ológbò bá jọ ń gbé, ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà kí ẹ tó fi sí ara ajá.

5. Parasitámọ̀. Hóró kan péré lè pa ológbò.

6. Àlùbọ́sà àti aáyù, ní tútù tàbí ní sísè. Wọ́n ń ba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Nítorí náà, ọbẹ̀ wa kì í ṣe oúnjẹ rẹ̀.

7. Òdòdó lílì. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń ra òdòdó funfun sí ojúbọ. Bí àtíkè lílì bá bà sí irun ológbò tó sì lá a, tàbí bí ó bá mu omi inú ìgò òdòdó náà, kíndìnrín rẹ̀ lè kú láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ẹ ra òdòdó mìíràn. Ẹ má sì ṣe fi obì sílẹ̀ níbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè dé, nítorí oró inú kọfí wà nínú obì.

Ẹ ó bi mí pé, kí ló wá kù fún wa láti ṣe? Ó pọ̀. Ẹ máa fi òòyà ya irun rẹ̀. Ẹ gbá ilé, ẹ fọ ibùsùn. Ẹ gbé omi tó mọ́ fún un. Bí ó bá ń ya ara rẹ̀, ẹ gba kọ́là rọ́bà fífẹ̀ tí wọ́n ń fi yí ọrùn ká. Ẹ máa kọ ọjọ́ tó họra sílẹ̀, ibi tó họ, àti ohun tó jẹ. Ìwé kékeré tí mo kọ yẹn ran dókítà lọ́wọ́ gan-an.

Ẹ̀YIN ONÍṢẸ́ EWÉ, Ẹ GBỌ́

Níhìn-ín ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin kan wà tí wọ́n ṣe ní ọdún 1966, tí wọ́n ń pè ní Veterinary Surgeons Act. Ó gba ẹni tó ni ẹran láàyè láti ṣe ìtọ́jú kékeré fún ẹran tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kò gba ẹni tí kì í ṣe dókítà ẹranko láàyè láti máa wo ẹran ẹlòmíràn. Nítorí náà, nígbà tí mo bu òróró fún àbúrò wa yẹn, kì í ṣe pé mo ṣìṣe nìkan, mo rìn kọjá ààyè mi. N kò ní ṣe é mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Amẹ́ríkà, Kánádà àti ibòmíràn, ẹ béèrè òfin ti ibi tí ẹ wà.

Mo mọ̀ pé owó dókítà ẹranko ga. Ẹ̀yin tí owó yín kò tó, tí ẹ sì ń gba ìrànwọ́ ìjọba, ẹ béèrè lọ́wọ́ PDSA bóyá wọ́n lè bá yín tọ́jú ẹran yín. Láti ọdún 1917 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ní Lọ́ńdọ̀nù, nítorí àwọn tí kò lówó gan-an ni wọ́n sì ṣe dá a sílẹ̀.

Ẹ dákun, ẹni tó bá ní ìwé wa ti tẹ́lẹ̀ nílé, èyí tí mo ti kọ nípa efínrín, kí ó mú bírò, kí ó kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé: kò gbọdọ̀ kan ológbò. Bí ẹ bá ti bu u fún ẹlòmíràn, ẹ pè é lónìí. Ẹ má ṣe dúró di ọ̀la.

Bí mo ti ń kọ èyí, Ẹlẹ́wà wà lórí ferese, ó ń yáàrùn, irun rẹ̀ ń dán. Kí Elédùmarè má jẹ́ kí ọwọ́ tí a fi ń tọ́jú di ọwọ́ tí a fi ń pani. Kí ara ó tu ènìyàn, kí ara ó tu ẹran inú ilé wa. Àṣẹ.